Ẹ̀yìn-Òkè tí Jóṣúà Fi Hàn Mí

Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ń rán lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí lọ́ọ̀rì àwọn ológun wọ Ìlá. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pariwo láti orí lọ́ọ̀rì náà pé télọ̀ ni ìjọba ń wá, àwọn tí yóò máa rán aṣọ fún àwọn ọmọ ogun. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fi ìbọn lé wa lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo ní mò ń bọ̀ wá parí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin kọjá kí n tó tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lọ sílé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ báyìí, ẹ máa ń bi mí bóyá mo pa èèyàn. Mi ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹrù ni mo rù. Ní Bọ́mà, ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n kó wa lọ jagun, orí wa ni wọ́n fi ń kó ọta ìbọn àti ẹran inú agolo gba inú igbó tí mọ́tò kò lè gbà. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí mo mú láti ilé, eṣúṣú ni mo fi ń yọ lẹ́sẹ̀.

Ọ̀tan Ayégbajú ni Jóṣúà ti wọ lọ́ọ̀rì wa. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé-ẹ̀kọ́ ìjọ wọn. Ìyá rẹ̀, opó tí kò bí ju òun nìkan lọ, sìn ín dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò sunkún. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Jóṣúà, mùsùlùmí ni èmi, ṣùgbọ́n láti Òṣogbo dé Èkó, láti Èkó dé orí òkun, èdè ilé kan náà là ń sọ, a ò sì ya ara wa.

Òjò ti ń rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀tá ká wa mọ́ odò kan. A ti wọ omi dé àyà, ẹrù wà lórí wa, ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti òdìkejì. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ tuntun ya tí kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn tó wà níwájú ṣubú sínú omi pẹ̀lú ẹrù wọn. Mo ju tèmi nù, mo fa Jóṣúà lápá, a sáré padà wọ inú ọparun. Ìgbà tí a dúró ni mo tó rí i pé ọta ti wọ ọ́ nítan.

A rí ihò kan lábẹ́ gbòǹgbò ọparun, a kó sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà la lò níbẹ̀. Bisikíìtì tó wà lápò wa tán ní ọjọ́ kejì. Mo wá ń já ọ̀mùnú ọparun, à ń jẹ ẹ́ ní tútù, ó sì ń yí wa nínú. Àwọn ọmọ ogun Jàpáànì ń kọjá lórí wa, wọ́n sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rí okùn bàtà wọn. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ju bọ́ǹbù, ilẹ̀ á da iyẹ̀pẹ̀ sí wa lẹ́nu.

Ebi mú kí n máa dárúkọ oúnjẹ. Mo ń sọ nípa iyán gbígbóná lọ́wọ́ nígbà tí Jóṣúà fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Làmídì, dákẹ́. Bí o bá tún dárúkọ iyán, màá kú kí ẹsẹ̀ yìí tó pa mí."

"Kí ni ká wá máa sọ?"

"Jẹ́ ká lọ sí Ẹ̀yìn-Òkè."

Mo rò pé ibà ló ń dà á láàmú. Ó mú igi, ó ya ilẹ̀ náà sórí ẹrẹ̀ bó ṣe máa ń yà á fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn òkè tó yí Ìgbájọ ká, ilẹ̀ kan wà tí kò sí nínú ìwé kankan. Odò kan wà níbẹ̀ tí ń ṣàn gun òkè láàárọ̀, kí àwọn obìnrin lè pọnmi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Nírọ̀lẹ́ á tún padà sí àfonífojì. Orí omi náà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Elódò ń gbé. Okùn ni wọ́n fi so ilé wọn mọ́ra, bí odò bá yí padà, gbogbo abúlé á yí pẹ̀lú rẹ̀. Lórí òkè ni àwọn Onírì wà, èèyàn gíga tí kì í sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi yọ. Wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ àfi bí òjò àkọ́kọ́ bá kán sí i lórí. Bí ẹni méjì bá sì ń jà níbẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ fìlà títí ìjà náà á fi parí, torí kò sẹ́ni tó lè bú ẹni tó dé fìlà rẹ̀.

"Irú fìlà wo ni?" Mo bi í.

"Ìwọ ni télọ̀. Rán an fún wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu rán fìlà. Mo dá aṣọ àwọn Onírì gùn dé ilẹ̀, mo dá tàwọn Elódò kúrú kí omi má baà gbà á. Ní ọjọ́ kẹrin mo bi í bóyá wọ́n ń jagun níbẹ̀.

Ó ní: "Wọ́n jà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn Onírì dí odò náà. Ọjọ́ méje ni kò lọ, kò bọ̀. Àwọn tó dí i gan-an kò rí oorun sùn mọ́, torí pé wọn ò gbọ́ ariwo omi. Wọ́n wá tú u sílẹ̀."

Ní ọjọ́ kẹfà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbọ́ ohùn àwọn tiwa níwájú igbó, wọ́n ń sọ Haúsá. Jóṣúà kò lè dìde, èmi náà kò lágbára láti gbé e.

"Lọ pè wọ́n," ó wí.

"Màá padà wá."

"Mo mọ̀. Máa lọ."

Mo fi àyà fà jáde. Bí mo ṣe ń lọ, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka orúkọ àwọn abúlé Ẹ̀yìn-Òkè.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sàn-án. Mo sọ fún sájẹ́ńtì pé ọ̀rẹ́ mi ṣì wà láàyè. Ó ní ọ̀tá ti gba gbogbo ẹ̀bá odò yẹn, òun kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ kú síbẹ̀.

"Bí ìwọ bá fẹ́ lọ, ọ̀nà nìyẹn."

Wọ́n ti gbé ìrẹsì lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́. Mi ò dìde.

Nígbà tí mo padà sílé, mo sọ fún gbogbo èèyàn pé inú odò ni Jóṣúà kú sí. Bí mo bá ń lọ ra òwú ní Òṣogbo, tí lọ́ọ̀rì bá ti dé Ọ̀tan, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, arúgbó obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan. Mo mọ̀ ọ́n kó tó lanu. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ àti Jóṣúà mi lẹ jọ wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Báwo ló ṣe kú?"

"Inú odò ni, Ìyá. Kò pẹ́ rárá."

Ó ń wò mí. Ara mi kò gbà á. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa, Ìyá." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ihò náà dé orí ẹsẹ̀ tó dúdú. Nígbà tí mo dé ibi odò tó ń ṣàn gun òkè, ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

"Nírọ̀lẹ́ á padà sí àfonífojì," ó wí. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀ fún un. Oko wa jìn, ó sì máa ń sunkún lọ́nà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí o fi í sílẹ̀?"

"Ó ń ka orúkọ àwọn abúlé."

"Kà wọ́n fún mi."

Mo kà wọ́n. Omiró. Ojú-Ìrì. Ìsinmi-Ẹyẹ. Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wá dárúkọ èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn, Dúró-dè-mí.

Orí rẹ̀ dúró.

"Ìyẹn kò sí níbẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún un rí."

Ó fa àpótí mọ́ra, ó jókòó. Àwọn èèyàn ń ná ọjà níta. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ìrẹsì yẹn, ṣé o jẹ ẹ́ tán?"

"Mo jẹ ẹ́ tán, Ìyá."

Ó mi orí, ó sì jáde. Kò dárí jì mí, kò sì gbé mi ṣépè. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n sin ín ní Ọ̀tan. Mo lọ, mo dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó bi mí ẹni tí mo jẹ́ sí i.

Ilé mi ń pariwo, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ọmọ márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí òjò bá dá lójijì, tí gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́, ìyàwó mi á gbé ojú sókè, á bi mí pé ta ni mò ń tẹ́tí sí. Mi ò tíì sọ fún un.