Iye Méjì Lórí Ọkọ̀ Kan

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni a ní, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kan náà ni a bi, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan náà sì ni, síbẹ̀ iye méjì ló jáde. Inú bí mi. Kò ṣòro fún mi láti bínú. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi mọ̀, ìyàwó mi náà sì ti fi ogún ọdún ó lé mọ̀ ọ́n.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti wá, àmọ́ Iyaro ní ìlú Benin ni a fi ṣe ilé báyìí. Ìyàwó mi ń ta ẹyin ní ọjà Santana. Kì í ṣe ẹyin orí àtẹ méjì mẹ́ta o. Kéréètì lórí kéréètì ló ń tà fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti àwọn tó ń dín ẹyin lẹ́bàá títì. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á wa ọkọ̀ lọ sí oko adìyẹ lójú ọ̀nà Ekehuan, wọ́n á ká ìjókòó ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, wọ́n á to kéréètì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, á sì rọra wà á padà. Bí ó bá bọ́ sí Sátidé, èmi ni mo máa ń wà á. Kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà yẹn tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ò mọ ara wa. Tí wọ́n bá wá bi mí níbi iṣẹ́ pé kí ló dé tí ọkọ̀ mi ń run bí ilé adìyẹ, mo máa ń ní mo bá ìbátan mi kan gbẹ́rù ni.

Láti ìgbà tí a ti ní ọkọ̀ náà, inṣọ́ránsì tó kéré jù lọ ni mo máa ń ṣe, èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń béèrè, tí kò lè ra táyà kan fún ọ bí ọkọ̀ tìrẹ bá bàjẹ́. Lọ́dún yìí, ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ ìyẹn mọ́. Obìnrin oníṣòwò ìrẹsì kan tí wọ́n jọ ń dáwó àjọ ti pàdánù ọkọ̀ rẹ̀ nínú ìjàǹbá nígbà tó ń ti ọjà Ekiosa bọ̀, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ti ń ru ẹrù ẹlòmíràn báyìí. Ẹ̀rù ba ìyàwó mi. Ó ní bí ọkọ̀ wa bá lọ, ìsọ̀ òun ti lọ nìyẹn, pé èyí tó lè ra ọkọ̀ mìíràn fún wa bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni òun fẹ́. Mi ò jiyàn. Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu.

Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun àti ọmọbìnrin wa jókòó sí pálọ̀. Ọmọ náà ti rí ìkànnì kan tó máa ń to iye owó oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ síra wọn, kí èèyàn lè mú èyí tó bá wù ú. Yóò ka ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá rẹ̀ yóò dáhùn ní Yorùbá, yóò sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo wọ yàrá lọ. Èmi náà ní tèmi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Benin ti fi líǹkì kan sí ojú òpó ẹgbẹ́ lórí fóònù, ó ní ẹni tó bá gba ibẹ̀ ra inṣọ́ránsì, wọ́n á dá díẹ̀ padà fún un nínú owó tó san. Èmi ni wọ́n máa ń sọ irú rẹ̀ fún. Mo dáhùn àwọn ìbéèrè ibẹ̀ wàràwàrà, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo jáde sí pálọ̀, mo béèrè iye tí tiwọn jẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa mú, àmọ́ iye tèmi fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí tiwọn, a ò sì tíì mẹ́nu ba owó tí wọ́n máa dá padà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé àwọn tó ni ìkànnì yẹn ti bu èrè tiwọn lé e, pé bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀làjú gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò fara balẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi, tó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, gbójú sókè.

“Daddy, na wetin person put inside, na im e dey calculate o.”

Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà, mo sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ gbaragada kí gbogbo ilé lè gbọ́ bí mo ṣe máa dójú tì wọ́n. Ọjọ́ Àìkú ni, mi ò rò pé wọ́n á gbé e. Ọ̀dọ́bìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì jẹ́ kí n pariwo tán.

Ó ní iye owó ilé-iṣẹ́ àwọn kì í yí padà nítorí ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé. Àwọn máa ń san owó iṣẹ́ fún ẹni tó bá mú oníbàárà wá. Ìkànnì yẹn á mú tiẹ̀ pátá. Ẹni tó ni líǹkì á pín tiẹ̀ pẹ̀lú oníbàárà, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní owó ìdápadà, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dé. Ó ní nǹkan méjì ló mú kí tèmi wálẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó tí onímọ́tò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ lápò ara rẹ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kí ilé-iṣẹ́ tó gbé ìyókù. Líǹkì tèmi ti gbé e sí èyí tó ga jù, èmi ò sì wo ibẹ̀ rárá. Ìkejì ni ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ. Ó ní ṣé kí òun kà á. Èmi tí mo ti ń retí pé kí ojú ti àwọn oníkànnì yẹn, mo ní kó kà á sókè.

Ó ka tiwọn. Ìlò ọkọ̀: òwò, gbígbé ọjà. Awakọ̀: méjì. Ó wá ka tèmi. Ìlò ọkọ̀: ilé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì. Òwò: rárá. Awakọ̀: ẹnì kan. Nígbà tó dé orí iṣẹ́ ìyàwó, ó kà á bó ṣe wà níbẹ̀: “Housewife.”

Ó rọra fi kún un pé bí ìyàwó mi bá lọ forí ọkọ̀ gbá nǹkan, tí ẹyin sì wà nínú rẹ̀, ìwé tí mo fẹ́ rà yẹn kò ní í ṣe wá láǹfààní kankan. Wọn kò ní í san án. Àwọn àgbà ní òótọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ilé tèmi, owó pọ́ọ́kú ni irọ́ tún jẹ́.

Ìyàwó mi kò wo fóònù. Èmi ló ń wò, ó sì bi mí pé:

“Dádì, níbo ni mo wà nínú ohun tí ẹ kọ yìí?”

Mo ní kí owó lè dín kù ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Nígbà tí mo ń dáhùn ìbéèrè yẹn, n kò ronú owó rárá. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn nípa ara wa ni mo kọ síbẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò tíì sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: owó ẹyin la fi ra ọkọ̀ yẹn. Owó oṣù mi ń jẹun, ó ń san owó iná, ó ń tán. Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, tí mo ń pè é ní ọkọ̀ mi. Ojú tì mí gan-an, níwájú ọmọ mi.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó bi ọ̀dọ́bìnrin náà pé bí a bá kọ òótọ́ sí orí líǹkì, tí a sì gbé owó àpò ara ẹni wálẹ̀ sí ibi tí tàwọn wà, èló ni. Ìyẹn ṣírò rẹ̀. Iye kan náà ni, láìyẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà wá béèrè orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ bá ìwé ọkọ̀ mu.

“Ẹ kọ orúkọ tó wà lórí ìwé,” ni ìyàwó mi sọ. Ó dìde, ó lọ yọ ẹyin tó sán kúrò nínú kéréètì.

Orúkọ mi ló wà lórí ìwé. Mo sọ fún ọ̀dọ́bìnrin náà pé kó má tíì kọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo gba ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ lọ. N kò sọ fún ìyàwó mi. Mo ní mo fẹ́ yí orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ padà sí tiẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀, ọmọ Ẹdó tó ti dàgbà díẹ̀, fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó sì béèrè iye tí mo tà á fún ìyàwó mi. Mo ní mi ò tà á fún un, pé òun ló rà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

“Oga, if na she buy am, how your name take enter this paper?”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó máa kọ ni. Mo yíjú wo àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un bó ṣe rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìwé náà, èmi ni mo ráyè wá. Ìyàwó mi wà lọ́jà, ó ń ta ẹyin tó kù kí owó ọkọ̀ náà lè pé.