Àmì Funfun Lẹ́yìn Ọrùn Àbúrò Mi

Ọdún tí mo jáde ní yunifásítì ni ìdílé kan wá tọrọ àbúrò mi obìnrin nílé wa ní Lálúpọn. Bó ṣe kúnlẹ̀ gbé omi fún wọn, tó tẹrí ba, ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, ìyá àgbà kan, rí àmì funfun lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Wọn ò mu omi náà.

"A kì í fẹ́ ìdílé ẹlẹ́tẹ̀," ni wọ́n sọ fún ìyá mi.

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Kì í ṣe nítorí ìgbéyàwó náà nìkan. Mo rò pé wọn yóò mú àbúrò mi lọ sí ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀, kúrò láàárín wa. Mo tilẹ̀ ń wo ọrùn tèmi náà nínú dígí.

Mo bẹ ìyá àgbà náà títí wọ́n fi bá wa dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí àbúrò mi dijú, ó sì na òwú sí ìyá àgbà.

"Màmá, ẹ fi kan ibi tó funfun yẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ni, kò ní mọ̀ ọ́n lára."

"Èmi kẹ̀? Kí n fọwọ́ kan kíní yìí?"

"Òwú ló máa kàn án, Màmá."

Wọ́n gba òwú náà. Òwú náà rọra kan ọrùn rẹ̀.

"Ó ń yún mi níbẹ̀ yẹn, Màmá," ni àbúrò mi wí.

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ooru ló ń fa irú èyí. Ìpara máa pa á."

Ìyá àgbà ju òwú sílẹ̀. Wọ́n fi ìka ara wọn kan ibẹ̀.

"Tá a bá délé," ni wọ́n wí, "bu omi fún mi mu, ọmọ mi."