Ebè Tí Wọ́n Kọ Sójú Pápá Wa

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ gbígbẹ bá ta òórùn rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ dùn mí kí n tó rántí ohun tó fà á. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkìrun, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, mo kọ ebè débi pé mi ò lè di ṣọ́ọ̀kì mú. Bọ́ọ̀lù ló kó bá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ọsàn ni mo máa ń bó fún àwọn tó ń gbá a. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Pírínsípà fẹ́ gbà mí síṣẹ́, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹ máa ń bá wọn lọ sí pápá bọ́ọ̀lù?" Mo ní, "Gbogbo ìgbà ni, sà." Irọ́ kọ́, mo sáà ń lọ, èmi àti ọsàn mi. Bí wọ́n ṣe fi mí ṣe olórí eré ìdárayá nìyẹn. Mo ra fèrè, mo so ó mọ́ ọrùn, mo sì ń gbé e káàkiri ìlú, kódà mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà.

Ojú wa rí màbo lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama Inísà. Ọdún méjì tó tẹ̀léra ni wọ́n nà wá, èyí kejì ló sì burú jù, góòlù méje ni wọ́n gbá wọlé wa. Ẹni tó mọ ilé ṣọ́ gan-an nínú àwọn ọmọ wa kò sí níbẹ̀, oko bàbá rẹ̀ ló wà. Ní Mọ́ńdé tó tẹ̀lé e, Pírínsípà pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n na ọwọ́ sí pápá láti ojú fèrèsé. "Tíṣà, ilẹ̀ tó dára nìyẹn, a kàn ń fi í ṣòfò ni. Bí Inísà bá tún nà wá lọ́dún tó ń bọ̀, bọ́ọ̀lù ti parí nílé-ìwé yìí. Iṣu la máa gbìn síbẹ̀." Mo wo ojú wọn bóyá wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Sátidé tó kàn, mo fọn fèrè pé kí gbogbo wọn jáde wá gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ mẹ́rin ló wá, èmi ni ìkarùn-ún, ewúrẹ́ ará àdúgbò kan ni ìkẹfà. Gbogbo àwọn yòókù ti bá bàbá wọn lọ sóko. Mo bínú, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di ọ̀nà Ìbà, níbi tí bàbá ọmọ tó ń ṣọ́ ilé fún wa ń dáko sí. Àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo tún dọ̀bálẹ̀ sórí ebè. Ó ṣáà ń roko lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Tíṣà, bí ọmọ yìí bá bá yín lọ, ta ni yóò bá mi kọ ebè mi?"

Ẹnu mi ò gbọ́ tèmi. Mo ní, "Àwa náà ni, bàbá. Gbogbo wa la máa wá."

Háà! Bí mo ṣe kó sínú àáró nìyẹn. Ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: gbogbo yín ẹ máa ro oko ẹnì kan lónìí, tẹlòmíì lọ́la, títí yóò fi kárí. Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, gbogbo Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èmi àti ọmọ mọ́kànlá ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di oko bàbá ọ̀kan nínú wọn. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, bàbá yẹn yóò yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀, a ó sì lọ gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ebè tèmi kò jọ ebè rárá. Bàbá kan ní ọ̀nà Eko Ende dúró ti ọ̀kan, ó wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ṣé òkú ajá lẹ fẹ́ sin síbẹ̀ ni?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ní ti bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo ní: "Ẹ fún un!" "Ẹ sáré!" àti "Kí ló dé?" Mo máa ń lọ́ wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta! Ẹsẹ̀ wọn le, èémí wọn gùn, wọ́n sì ti mọ ìwà ara wọn lẹ́nu iṣẹ́. A lọ bá wọn gbá a ní Òkúkù, a nà wọ́n ní méjì sí òdo. Tíṣà wọn wá bi mí pé ọgbọ́n wo ni mo dá. Mo fọwọ́ gbọn ṣòkòtò mi, mo ní kò lè yé e.

Ó wá ku Inísà, ọjọ́ Sátidé ni, lórí pápá wa. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òṣogbo láti ra rọ́bà inú bọ́ọ̀lù, torí èyí tó wà lọ́wọ́ wa ti jò. Ibẹ̀ ni mo sùn. Àárọ̀ Sátidé ni mo padà dé, mo ń súfèé bọ̀, mo yọ sí pápá.

Ẹ gbà mí o! Ebè! Láti òpó kan dé òpó kejì, ebè lọ súà! Àwọn bàbá mọ́kànlá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń mu ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà. Bàbá ọ̀nà Ìbà dìde, ó ń yọ̀ mọ́ mi. "Tíṣà, ẹ kú àbọ̀. A ti san àáró yín."

Ojú tì wọ́n pé mo ti bá gbogbo wọn ṣiṣẹ́, oko tèmi ò sì kàn. Wọ́n bi ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé pé níbo ni ilẹ̀ tíṣà wà. Ìyá na ọwọ́ sí pápá, ó ní ibi kan ṣoṣo tí òun ti ń rí mi láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dé pápá náà rí. Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ́ọ̀ tán, tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́, kó lè dùn mọ́ mi. Wọ́n tiẹ̀ yìn mí pé mo gbọ́n, pé mo ti ri igi mọ́lẹ̀ de ìtàkùn iṣu. Òpó ojú ilé ni wọ́n ń sọ.

Ibẹ̀ ni Pírínsípà ti yọ. Wọ́n dúró, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. "Tíṣà," ni wọ́n wí, "ẹ ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n nà yín ná?"

Kí n tó fèsì, lọ́rì àwọn Inísà ti dé, orin ni wọ́n ń kọ bọ̀, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù funfun. Tíṣà wọn wo pápá, ó ní bí kò bá sí ibi tí wọ́n máa gbá a sí, a jẹ́ pé àwọn ló borí. Mo bú sẹ́kún. Ọkùnrin bíi tèmi, pẹ̀lú fèrè lọ́rùn! Mo rojọ́ fún àwọn bàbá pé bí a ò bá borí lónìí, bọ́ọ̀lù tán fún àwọn ọmọ wọn nìyẹn. Bàbá ọ̀nà Ìbà wo ebè, ó wò mí, ó mú ọkọ́ rẹ̀. "Ẹ dìde," ló wí fún àwọn yòókù. "A ti ṣi iṣẹ́ ṣe."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ebè náà ká. Àwọn ọmọ wa sá wá bá wọn. Àwọn ọmọ Inísà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọmọ àgbẹ̀ ni àwọn náà. Ọmọ wo ló máa jókòó máa wo àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oòrùn? Ọ̀kan dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ mú ọkọ́ wá." Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti wọlé. Tíṣà wọn ń pariwo pé, "Ẹ jókòó! Ẹ sinmi!" Ta ló dá a lóhùn? Wákàtí mẹ́ta ni a fi tẹ́ pápá náà. Nígbà tí a fi máa parí, ẹ̀wù funfun ti pọ́n, àwọn ọmọ Inísà ń mí gúlegúle. Ara àwọn tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni, iṣẹ́ Sátidé wọn náà kúkú ni.

Òdo sí òdo ni títí ó fi kù díẹ̀, kí ọmọ wa kan tó gbá ọ̀kan wọlé. Inísà bínú, wọ́n gbá ọ̀kan wá tí mo ti dijú fún. Nígbà tí mo lajú, ọmọ tó ń ṣọ́ ilé ti fò, ó ti dì í mọ́yà nínú erùpẹ̀. Bàbá rẹ̀ rò pé ó ṣubú ni, ló bá sáré wọ inú pápá lọ gbé e. Réfẹ́rì ń fọn fèrè, bàbá ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé ohun tí ọmọ náà ṣe dára, ó yíjú sí gbogbo èèyàn, ó kígbe pé, "Èmi ni mo bí i!" Wọ́n fi ọgbọ́n fà á jáde. A borí. Pírínsípà bọ̀ mí lọ́wọ́, wọn ò sọ̀rọ̀ iṣu mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá náà wá bá mi ní kíláàsì. "Tíṣà, a fọwọ́ ara wa tú àáró yín ká, a ò tíì san án nìyẹn. A ṣì jẹ yín." Mo la ẹnu láti sọ pé ó ti tán, pé kò sóhun tí wọ́n tún jẹ mí. Mo tún pa á dé. Láti Sátidé yẹn, àwọn bàbá ń ṣe àáró láàárín ara wọn, wọ́n sì ń dá àwọn ọmọ sí fún mi. Àwọn ló ń gé koríko pápá. Wọ́n ń tẹ̀lé wa lọ sí Òkúkù, wọ́n ń bá réfẹ́rì jà. Ọdún mẹ́jọ ni mo tún lò níbẹ̀, Inísà ò sì nà wá nílé mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Àwọn ọmọ ìgbà náà ti ní ọmọ ọmọ, bí wọ́n bá sì rí mi, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ àwọn ní bọ́ọ̀lù. Mi ò mọ̀ ọ́n gbá títí dòní. Bàbá ọ̀nà Ìbà ti lọ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tíṣà, àáró yín yẹn o, ẹ má bínú." Mo ní, "Kò sí wàhálà, bàbá." Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe fún bọ́ọ̀lù ní Ìkìrun, ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: mi ò sọ fún wọn rí pé wọ́n ti san án tán.