Oorun Àṣàbí Kò Sí Nínú Ìṣirò Mi

Ọmọ mi fiṣẹ́ sílẹ̀ fún mi lónìí nítorí kọ̀nténà.

Kì í ṣe kọ̀nténà onírin tí wọ́n ń já ẹrù rẹ̀ ní Dei-Dei, l'Ábùjá, o. Ti inú kọ̀ǹpútà ni, bí àpótí tí wọ́n di ètò iṣẹ́ wa sí, èyí tó ń jẹ́ káwọn oníbàárà mọ ibi tí ọkọ̀ ẹrù wa dé.

Àṣàbí ọmọ mi ti ní tipẹ́ pé ká sanwó fáwọn tí yóò máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Mo ní rárá, bàbá mi ò gba alágbàṣe sóko rí, àwa ọmọ rẹ̀ la ń bá a ro ó.

Lóru mọ́jú òní, kọ̀nténà tún dákú, mo tún lọ jí ọmọ mi lójú oorun. Mo ní, "Àṣàbí, jí i, ọ̀fẹ́ ṣáà ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀, Bàbá? Ẹ ò ka oorun mi mọ́ owó. Mo ti gbaṣẹ́ síbòmíràn."

Mo ní màá sanwó ọ̀hún.

"Ẹ san án. Èmi ń lọ."

Oko bàbá mi di igbó nígbà táwa ọmọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo ṣì lè bẹ̀ ẹ́, àbí ẹ̀pa ò bóró mọ́?