Àtíbàbà tí Bàbá Mi Kọ́ Sẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Òórùn bẹntiróòlù ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí orin tó wọlé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ pupa abúlé wa lẹ̀ mọ́ bàtà gbogbo èèyàn, oníkálukú sì ń ha ẹrẹ̀ nù létí àtẹ̀gùn. Aṣọ tí ìyá mi fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ṣì ń gbóná lẹ́yìn mi nígbà tí mo rí àwọn ọkùnrin tó ń sọ ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ látinú píkọ̀ọ̀pù Bàbá Ráfíù, aládùúgbò wa tó máa ń kó gbágùúdá lọ sí ọjà. Mùsùlùmí ni Bàbá Ráfíù, ṣùgbọ́n inú wọn dùn bí ẹni pé mọ́sálásí wọn la gbé e wá fún. "Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì," wọ́n ní, "ẹ ṣáà má fi ariwo yín jí lèmọ́mù wa o!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Àwa ọmọdé sún mọ́ ẹ̀rọ náà, a ń fa òórùn rẹ̀ símú bí òórùn ọbẹ̀ ọdún. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà wò, ibi tí èéfín rẹ̀ ń gbà ni bàbá mi ń wò.

Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, mi ò sì ní dárúkọ abúlé wa. Ó tó kí n sọ pé kò jìnnà sí Erunmu. Àwọn kan tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà láyé, wọ́n sì ti darúgbó. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an, ọwọ́ mi ń lọ́ra.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lásìkò kan náà á rántí irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, fèrèsé onípákó, ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n so rọ̀ sórí igi, tí a ń lù dípò agogo. Kálukú ló mọ ibi tó ń jókòó sí. Bí ẹnì kan kò bá wá, àyè rẹ̀ á ṣófo, àwọn èèyàn á sì yà kí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lóṣooṣù, lẹ́yìn ìsìn, a máa ń ṣe ìpàdé ìjọ. Ọkùnrin tó bá ní àròyé á dìde, á ṣí fìlà, á kọ́kọ́ sọ ohun rere tó rí nínú ìjọ. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tó ń dùn ún, yóò wá fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ṣe sí i parí ọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ jókòó láìsọ èyí tó kẹ́yìn yẹn, àwọn àgbà á bi í pé, "Ọwọ́ rẹ dà?" Ìdáhùn tí wọ́n ń fún un nìyẹn. Bí kò bá ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe, ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Bàbá mi fẹ́ràn àṣà yìí ju oúnjẹ lọ. Wọ́n máa ń sọ fún wa nílé pé, "Ẹni tó ráhùn tí kò gbé ọkọ́, ariwo lásán ló pa." Bí wọ́n bá ní òrùlé ń jò, àwọn náà ni ẹ ó rí lórí páànù lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n bá ní koríko ti bo ọ̀nà ìyá arúgbó kan tó ń wá jọ́sìn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àdá wọn ti ń dún níbẹ̀.

Kí jẹnẹrétọ̀ náà tó dé ni pásítọ̀ tuntun ti dé láti Ìbàdàn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n sì ní ìfẹ́ èèyàn. Kò pẹ́ tí àwọn ará oko àyíká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Bẹ́ǹṣì ò tó mọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún àwa ọmọdé lẹ́yìn pátápátá, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Makirofóònù dé, ìlù ńlá dé. Àdúrà ń gùn sí i, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú láàárín àdúrà, wọ́n á ní Ẹ̀mí ló gbé wọn ṣánlẹ̀. A ò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣubú, ojú àwọn èèyàn á fà ro bí wọ́n ṣe ń lọ sílé.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ dé, bàbá mi dìde, wọ́n ṣí fìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Ẹ̀rọ yìí dára, ìjọ wa ń gbèrú, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí a gbé e sí yìí, ibẹ̀ làwọn ọmọ ń jókòó sí. Èéfín rẹ̀ ò dáa fún wọn. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sẹ́yìn, sábẹ́ igi máńgòrò. Èmi á kọ́ àtíbàbà tí yóò máa wà lábẹ́ rẹ̀."

Díákónì tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà ní, "Bàbá Dúpẹ́, wáyà ò gùn dé ẹ̀yìn."

"Ẹ jẹ́ ká ra wáyà tó gùn."

"Bí wọ́n bá jí i lọ níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ni yóò jí i? Ṣé èyí tó gba ọkùnrin mẹ́rin kí wọ́n tó gbé e?"

Ìyá kan ló bá gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lẹ́nu. "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀yin yìí! Bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ ó ní ìtẹ́ ò dọ́gba, ẹ ó sì ní kí wọ́n fún yín ní òòlù!" Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ká fi orin parí ìpàdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kí ẹnì kan sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe, kí wọ́n má sì dá a lóhùn. Mo wolẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé kí ló dé tí bàbá tèmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ bíi bàbá àwọn ẹlòmíì.

Bàbá mi ṣáà kọ́ àtíbàbà náà. Ọparun ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀, páànù ilé ewúrẹ́ wa ni wọ́n tú fi bò ó. Ìyá mi pariwo títí: "Ẹ wá tú ilé lórí ewúrẹ́ nítorí jẹnẹrétọ̀ tí òtútù kì í mú!" Nígbà tí inú wọn rọ̀, wọ́n rọ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìjọ wà bó ṣe wà. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," wọ́n ní. Ẹnikẹ́ni ò gbé ẹ̀rọ lọ síbẹ̀. Adìyẹ ló ń yé ẹyin sábẹ́ àtíbàbà náà.

Nílé ìwé, orúkọ mi yí padà. Ọmọ Bàbá Àròyé ni wọ́n ń pè mí. "Dúpẹ́, bàbá ẹ mà kọ́ ilé fún adìyẹ Olúwa!" Bísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń jókòó lórí ẹní kan náà, ló máa ń gbèjà mi. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Ó kúkú kọ́ nǹkan," á ní, "bàbá tìẹ ti kọ́ kí ni, yàtọ̀ sí ìkòkò ẹmu tó ń gbé kọ́rùn?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Nítorí bàbá mi lojú ṣe ń tì mí, kì í ṣe nítorí àwọn tó ń bú wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárín ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Wọ́n sáré ti gbogbo fèrèsé nítorí òjò ń fọ́n wọlé. Àwọn ọkùnrin gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò níta, wọ́n gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnu ọ̀nà kí omi má bàa bà á jẹ́. Ohùn rẹ̀ kún etí wa. Bàbá mi dìde nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe. Mo rí wọn tí wọ́n ń nawọ́ sí wa, tí wọ́n ń bá díákónì sọ̀rọ̀ létí. Díákónì ń fọwọ́ lù wọ́n léjìká bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Mo gbé ojú mi pa mọ́ sí èjìká Bísọ́lá kí àwọn èèyàn má bàa rántí ẹni tó bí mi.

"Bàbá ẹ tún ti dìde," Bísọ́lá ní. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Orí ń fọ́ mi, Dúpẹ́."

Orí ń fọ́ èmi náà. Bàbá mi kọjá lára wa, wọ́n bọ́ sínú òjò. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé Bàbá Ráfíù ni wọ́n lọ pè, nítorí ẹnì kan ò lè dá ẹ̀rọ yẹn gbé, àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ò sì fẹ́ gbé e.

Ó kan àdúrà. Bísọ́lá rọra yẹ̀ kúrò lára mi, ó ṣubú lulẹ̀. Ohùn obìnrin kan gòkè: "Ẹ̀mí ti gbé e! Ó ti kan àwọn ọmọdé!" Àtẹ́wọ́ ta. Ẹnì kan fẹ́ gbé e dìde, wọ́n pariwo mọ́ ọn, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́!" Ọmọkùnrin kan tún ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ dìde, orúnkún mi ò gbé mi. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni ohùn ẹnì kan tó fi ìdùnnú ké pé, "Ògo! Ó gbé ọmọ Bàbá Àròyé náà!"

Òjò ló jí mi. Ẹ̀yìn mi wà lórí koríko, mò ń bì, ọwọ́ bàbá mi wà lábẹ́ orí mi. Píkọ̀ọ̀pù Bàbá Ráfíù ló gbé àwa ọmọ mẹ́ta lọ sí ọsibítù. Méjì ló padà wá sílé.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri pé àìsàn kan ti ń ṣe Bísọ́lá tẹ́lẹ̀. Ní ìpàdé, bàbá mi dìde, wọ́n ṣí fìlà. Àṣà ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun rere. Wọ́n dúró pẹ́, ohun rere kankan ò jáde. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ẹ má purọ́ mọ́ ọmọ yìí. Èéfín ni. Lọ́la, n ó wá gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá bá mi gbé e." Wọ́n jókòó.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹ̀rọ náà mú, omi ń dà lójú wọn. Àwọn yòókù ń yọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ra wáyà. Wọ́n la fèrèsé mìíì sára ògiri. Bàbá mi ò kúrò nínú ìjọ yẹn títí wọ́n fi kú, wọn ò sì dákẹ́. Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ rí pé, "Ṣebí mo sọ fún yín?"

Mo ti lé lógójì dáadáa báyìí, mo sì ń gbé ní Ọlọ́runṣògo n'Ìbàdàn. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, fèrèsé ni mo máa ń wò kí n tó wo ojú pásítọ̀. Ìjọ wa níbí náà ń gbèrú, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn pa bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa máa jáde lọ tẹ fóònù. Kọ́kọ́rọ́ á wà lápò ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo ara mi ni mo fi ń gbọ́ bí wọ́n bá yí i. Ọmọ tó gbé ojú pa mọ́ sí èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò tíì mọ ohun tí dídákẹ́ lè fà. Èmi mọ̀ ọ́n.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, pásítọ̀ bèèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ sí etí ọ̀dọ́bìnrin kan tó jókòó tì mí, tí kò tíì pẹ́ nínú ìjọ, mo sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ó dìde lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun á máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n má tì í mọ́. Pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà. Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí a ń jáde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ rí i. Kí ló dé tí ẹ ò fi dìde?"

Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ó gbà mí gbọ́. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ń rọra rìn kí n lè bá a, mo sì ń tiro tẹ̀ lé e títí a fi dé ojú títì.