Pátákó Mi Lẹ́bàá Ẹ̀rọ Omi Igbein

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, táípíìsì ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìbarà. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ìka mi ń tẹ̀: lẹ́tà ìgbéga, lẹ́tà lífù, ìwé ìpàdé àwọn ọ̀gá. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹni tó ni ín á fọwọ́ sí i, á gbé e lọ. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn ò tẹ̀ ẹ́, wọn ò sì dá a padà. Nígbà tó yá, mo bi ara mi pé ta ló ní dandan ni kí n gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé ní Igbein. Aláàdìrẹ ni wọ́n, ìkòkò aró ló kún ẹ̀yìnkùlé wa. Ògiri iwájú ilé wa kọjú sí ẹ̀rọ omi tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Ní àárọ̀ Sátidé, korobá àti gárawá á tò lọ rẹrẹ, àwọn tó ni wọ́n á dúró tì wọ́n títí omi yóò fi kàn wọ́n. Mo rò ó pé bí nǹkan kíkà bá wà lójú wọn, wọ́n á kà á. Mo ra pátákó kan lọ́dọ̀ káfíńtà, mo kàn án mọ́ ògiri. Mo ra kádíbọ́ọ̀dù funfun, mo fi bírò dúdú kọ ọ̀rọ̀ mi sí i ní lẹ́tà gàdàgbà. Ìyá mi bu díẹ̀ fún mi nínú ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ, òun ni mo fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó.

Èdè Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́. Ohun tí mo kọ ni pé àkókò ṣe iyebíye, kò yẹ kí èèyàn máa fi ṣòfò.

Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Àwọn kan wò ó, wọ́n yíjú padà. Ọkùnrin kan fi ẹ̀yìn tì í, ó ń jẹ ọsàn. Kí n tó ti ọjà dé lọ́sàn-án, ewúrẹ́ ti fa ìdajì rẹ̀ ya nítorí ẹ̀kọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní èyí tí wọ́n bù fún mi kò ì tíì ní álọ́ọ̀mù tó ń mú un korò nínú, pé bí ó bá ti korò, ewúrẹ́ ò ní fẹnu kàn án. Lọ́sẹ̀ kejì, mo lo ẹ̀kọ kíkorò, mo sì tún kọ èdè Òyìnbó, lórí ìkóra-ẹni-níjàánu. Ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́. Èèyàn náà ò kà á.

Ìyá àgbà kan wà tí òun àti ìyá mi jọ máa ń pa aṣọ láró. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ Bíbélì Yorùbá kà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ Òyìnbó. Wọ́n dúró níwájú pátákó náà pẹ́, wọ́n wá pè mí pé kí n wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ ni? Ohùn tíṣà ni mo gbọ́, n ò gbọ́ tìẹ. Tí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá wa níbí, ṣebí a máa ń dákẹ́ gbọ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń rò ó nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìkòkò aró tí ìyá mi ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ kọ̀ fún wọn. Aṣọ funfun tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀ jáde bí ẹni pé omi lásán ni wọ́n kì í bọ̀. Wọ́n ki ìka bọ omi eérú tí wọ́n fi ń po aró, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tutọ́. Wọ́n lọ kírun àlààsárì. Lẹ́yìn náà wọ́n ró aṣọ iṣẹ́, wọ́n da gbogbo ìkòkò náà nù, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí eérú. Mo bi wọ́n bóyá mo lè kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́, pé ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣe rí á mọ̀ pé mi ò purọ́.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mi ò wá ọ̀rọ̀ ńlá kankan, bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ló kọ́kọ́ dúró. Ètè rẹ̀ ń mì bó ti ń kà á. Ó pe ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kó wá wo bí aró ṣe kọ̀ fún ìyá kan. Ẹni yẹn ò mọ̀wé, ló bá ní kó kà á sókè. Nígbà tó fi máa dé ibi tí ìyá mi ti tutọ́, àwọn mẹ́fà méje ti yí i ká, omi sì ń dà sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó rántí gbé korobá rẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé òǹkàwé mi kì í ṣe ẹni tó mọ̀wé nìkan. Bí ẹnì kan bá kà á, ó lè tó èèyàn mẹ́wàá tó máa gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń ka ọ̀rọ̀ mi sókè nínú yàrá kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ibi tí ahọ́n mi bá ti kọsẹ̀, mo máa ń tún un kọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo jí lọ́jọ́ Àìkú, mo rí i pé ẹnì kan ti fi bírò pupa kún ìwé mi. Ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí mi ò fi sí, ó sì fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó ń lo irú bírò bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé wọn kò jìnnà sí tiwa. Mo fi ìbínú lọ bá wọn. Mo kí wọn tán, mo ní inú mi ò dùn sí ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n ní kí n jókòó.

"N kì í fi bírò pupa kan ìwé tí n kò bá kà tán," ni wọ́n wí. "Tìẹ yìí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

Ìbínú mi rọlẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé ohun tó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ mi ni pé mi ò fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, pé ó dájú pé àwọn ẹlòmíràn náà lọ́rọ̀ í sọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dá ìsàlẹ̀ kádíbọ́ọ̀dù sí, mo sì fi òwú so pẹ́ńsùlù mọ́ ìṣó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá òun a máa bu díẹ̀ lára aró àtijọ́ mọ́ tuntun. Ẹlòmíràn, tí kò tíì gbàgbé aró tó kọ̀, béèrè bí èyí tí ìyá mi tún pò ṣe jẹ́. Mo dá wọn lóhùn nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, mo ní ó mú aṣọ dáadáa. Ẹni tí mo bá dá lóhùn báyìí kì í pẹ́ kó tó mú ẹlòmíràn wá, kó fi ìka tọ́ka sí i pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Sátidé kan tí ibà dè mí mọ́lẹ̀, tí mi ò lẹ nǹkan kan, télọ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà wá kan fèrèsé wa, ó béèrè bóyá kò sí ìwé lọ́sẹ̀ náà.

Bí òǹkàwé ṣe ń pọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí kí wọ́n tún pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Obìnrin kan wà nínú àwọn tó ń pọnmi, tó máa ń gbé abọ́ rẹ̀ síwájú láìtò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ di ariwo láàárín òun àti ẹni tí ó yà sílẹ̀. Mo kọ ìjà náà lọ́nà ẹ̀rín. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ pé abọ́ táńganran ni, aláwọ̀ búlúù, tí òdòdó pupa wà lẹ́nu rẹ̀. Abọ́ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa. Èrò tó dúró síwájú pátákó lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹnì kan tilẹ̀ fi pẹ́ńsùlù ya abọ́ náà sísàlẹ̀. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, inú mi ń dùn, kí obìnrin náà tó dé. Àwọn èèyàn yà fún un. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó fara balẹ̀ kà á. Nígbà tó kà á tán, ó gbé abọ́ òfìfo náà, ó padà sílé.

Kò wá síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ omi tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń lọ. Ìyá mi ò bá mi jà. Wọ́n kàn bi mí bóyá mo mọ ẹni tí obìnrin náà ń tọ́jú nínú ilé. Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ mọ̀ ọ́n.

Mo ya ìwé náà kúrò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bí mo ti ti ọ́fíìsì dé, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mo bá a níbi tó ti ń fọ aṣọ ìbusùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà nínú yàrá, ìyá arúgbó tí kò lè dìde mọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Ó gbọ́dọ̀ rí omi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kó lè tún ìyá náà ṣe kí àlejò tó máa wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Irọ́ kọ́ lo pa," ló wí. "Mo máa ń gbé abọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n ojúlé kẹta sí mi lò ń gbé, o ò sì béèrè."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ síta pé èmi ni mo jẹ̀bi, kí n sì sọ ìdí tó fi ń kánjú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Má kọ ti ìyá yìí. Wọ́n ń tijú. Kọ ọ́ pé o ò béèrè."

Ohun tí mo kọ lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Ìlà márùn-ún péré ni, pé mo kọ ohun tí mo rí nípa ẹnì kan láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, pé ìtìjú náà tèmi ni. Kò sẹ́ni tó kà á sókè. Kálukú wá, ó kà á, ó padà sídìí korobá rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ nǹkan sísàlẹ̀, ó ní: "Ó dáa báyìí." Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin náà gbé abọ́ rẹ̀ wá ní kùtùkùtù. Télọ̀ ló wà níwájú. Ó fa korobá tirẹ̀ sẹ́yìn fún un. Ó tó oṣù kan kí obìnrin náà tó dúró níwájú fèrèsé wa, kó sọ fún mi pé, "O kú iṣẹ́ o."

Lẹ́yìn ìyẹn, òǹkàwé mi dín díẹ̀. Àwọn tó ń retí ìjà kò rí i. Àwọn tó kù ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀rọ̀ wá fún mi fúnra wọn. Ẹnì kan á ní, "Èyí o, má kọ ọ́," á sì sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí n kọ ti òun, ṣùgbọ́n kí n sọ pé ìlú mìíràn ló ti ṣẹlẹ̀. Mo ń gbọ́ báyìí pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kọ irú rẹ̀ sí, tí wọ́n ń dààmú bí èèyàn ṣe máa kà á. Kò yà mí lẹ́nu.

Oníbàárà ìyá mi kan máa ń ti Kọ́bapẹ́ wá ra àdìrẹ tó ń tà lẹ́bàá títì níbẹ̀. Ó ní kí n máa da ìwé náà kọ fún òun, kí àwọn èèyàn òun náà lè gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kábọ̀n sábẹ́ bébà kó lè di méjì, ó sì ń ká ọ̀kan mọ́ àárín aṣọ lọ. Lọ́jọ́ kan ó mú mi dání lọ síbẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń ta iṣu àti pákí ni tíṣà kan ti máa ń kà á fún wọn. Wọ́n kí mi bí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Bàbá àgbẹ̀ kan ní òun ń gbádùn ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni aró àti omi ẹ̀rọ, pé ta ni yóò kọ ti òjò? Mo yọ bírò. Bàbá náà sọ fún mi nípa ọdún tí òjò já wọn kulẹ̀, tí àwọn àti ìyàwó wọn gbin ẹ̀gbàdo lẹ́ẹ̀mẹ́ta sójú kan náà. Nígbà tí mo kà á padà fún wọn, wọ́n ní kí n yọ ibi tí mo ti sọ pé wọ́n sunkún. Ìyàwó wọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kí n fi sílẹ̀.

Mo fi sílẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́ kí ọ́fíìsì tó gbé mi lọ sí ìlú mìíràn. Níbẹ̀, ilé olókè ni mo gbà, kò sí ògiri tó kọjú sọ́nà. Mo kọ díẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sílé, ìyá mi ń jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá mo bímọ, ìwé kíkọ náà sì dáwọ́ dúró. Mo ṣì ní èyí tí mo fi kábọ̀n kọ, àti kádíbọ́ọ̀dù díẹ̀ tí mo yọ lára pátákó, ṣùgbọ́n wọn ò pé mọ́. Mo kó wọn jáde láìpẹ́ yìí, mo jókòó kà wọ́n. Àwọn kan ò dára. Ti ìlà márùn-ún yẹn ni mo kà pẹ́ jù.