Èjìká Ọmọ Mi àti Ojú Èmi Alára

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí lélẹ̀, mo fẹ́ fi ara mi ṣẹ̀sín díẹ̀. Ohun tójú mi rí ní Bàdágìrì níbí, mi ò lè pa á mọ́ra!

Ọmọ mi obìnrin, Sẹ̀nàmì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èjìká. Bó bá ń jẹun, á sọ ọ́. Bó bá ń kí àgbà, á sọ ọ́. Ta ni ò mọ ohun tí sísọ èjìká sí àgbà jẹ́? Ọmọ Èkìtì ni mí, ará ibí ni mo fẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹbí ọkọ mi á ní mi ò kọ́ ọmọ. Mo bá a wí títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ṣe ló ń le sí i.

Ló bá ní òun ò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí àlejò bá dé, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kódà ó kọ̀, kò lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ìmẹ̀kẹ mọ́, ìyá tó fẹ́ràn jù láyé. Ìyẹn dùn mí dé egungun.

Dókítà ní kì í ṣe àfojúdi o, tíìkì ni wọ́n ń pè é, ara ọmọ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ó fà wá lé obìnrin kan tó ń fi fídíò orí fóònù tọ́jú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Sẹ̀nàmì sọ ọ́ ní Àǹtí Inú Fóònù. Ó kọ́ ọ pé bí èjìká bá ti ń yún un, kó fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó máa mí jẹ́jẹ́ títí á fi kọjá. Èmi ńkọ́? N kò gbọdọ̀ dárúkọ èjìká rárá.

Mo panu mọ́! Lọ́sẹ̀ kẹta, Àǹtí wò mí títí, ó wá rọra béèrè pé, “Ẹ má bínú o, Mọ́mì Sẹ̀nàmì. Ìgbà wo ni ojú tiyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ báyìí?”

Ojú èmi kẹ̀? Ẹ̀rín pa Sẹ̀nàmì, fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kì í ṣe àìsàn, ojú ni Mọ́mì fi ń sọ pé kí òun ṣíwọ́.

Ẹ gbà mí! Ẹnu ni wọ́n ní kí n pa mọ́, wọn ò dárúkọ ojú! Ìyá wo ni kì í fi ojú bá ọmọ wí nílé wa? Èmi náà ni mo sì kọ́ ọ kó mọ ojú.

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ló bá fún èmi náà níṣẹ́ ilé: bí ojú bá ti ń yún mi, kí n wo ọwọ́ mi, kí n mí jẹ́jẹ́. Ó le o! Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tọ́mọ mi ń bá yí, ojú sì tì mí.

Ní Sátidé, Sẹ̀nàmì ní òun á lọ sí Ìmẹ̀kẹ, bí mo bá ṣèlérí pé ọwọ́ mi ni n ó máa wò. A bá ìyá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Sẹ̀nàmì kúnlẹ̀. Èjìká sọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún sọ. Ojú mi ń yún mi bí iná! Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, mo ń ka èékánná. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti fún ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó ń kí ìyá lọ ràì, ìyá sì ti fà á mọ́ra.

Èmi ni ìyá yíjú sí. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?”

Èjìká ṣì ń sọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọmọ mi kì í sá pamọ́ mọ́. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi ló ti ń sọ ọ́ jù. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti fi ojú sọ fọ́mọ yín tẹ́ ẹ wá kábàámọ̀ ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má baà jẹ́ èmi nìkan lẹ máa fi rẹ́rìn-ín.